Ẹ Tẹ̀ Ẹ́ Lẹ́ẹ̀mejì

Ẹ̀rín ni ọ̀rọ̀ yìí fi bẹ̀rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, nítorí ẹni tó bá gbọ́ ìparí rẹ̀ kò ní gbà pé ẹnikẹ́ni rẹ́rìn-ín níbẹ̀ rárá.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọkùnrin kan tí wọ́n ń pè ní Lọ-Kà-Á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà nínú yàrá rẹ̀, ó ń fi nọ́ńbà kan rẹ́rìn-ín. Orúkọ tí ìyá rẹ̀ sọ ọ́ kọ́ nìyẹn o. Àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, torí ẹnikẹ́ni tó bá ti ráhùn, èsì kan ṣoṣo ló wà lẹ́nu rẹ̀: ìwé ìlò wà níbẹ̀, lọ kà á. Ìwé ìlò náà jẹ́ igba ojú ewé ó lé mẹ́rìnlá. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́, mo sì lè búra pé òun nìkan ló kà á tán.

Iṣẹ́ wo ni wọ́n jọ ń ṣe? Ètò kọ̀ǹpútà kan ni wọ́n ń tọ́jú. Òun ni àwọn apoògùn fi ń tẹ ìwé pélébé tí wọ́n ń lẹ̀ mọ́ ara ìgò oògùn: orúkọ aláìsàn, orúkọ oògùn, ìwọ̀n tí yóò lò àti ìgbà tí yóò lò ó. Ọ̀fẹ́ ni. Gbangba sì ni gbogbo inú rẹ̀ wà. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ náà lè ṣí i wò, kó tún un ṣe, kó dá a padà fún gbogbo ayé. Bí ogún ènìyàn ni wọ́n, kálukú ní ìlú tirẹ̀, ọ̀pọ̀ wọn kò sì fojú kan ara wọn rí. Iṣẹ́ rere ni, n kò ní pẹ̀gàn rẹ̀. Ẹni tó bá fi ọ̀sán Sátidé rẹ̀ ṣiṣẹ́ tí kò gba nǹkan kan, ó yẹ ká kí i kú iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń sáré lọ ṣoore náà lè tẹ ọmọlọ́mọ mọ́lẹ̀ lójú ọ̀nà, bí kò bá wolẹ̀.

Wọ́n ní àṣà kan. Bí nǹkan bá dun ẹnìkan nínú ètò yìí, yóò lọ sí ojú ìwé wọn lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, yóò sì dáhùn ìbéèrè mọ́kàndínlógún kí wọ́n tó gbọ́ ohun tó fẹ́ sọ. Ẹ̀dà kelòó lò ń lò? Irú kọ̀ǹpútà wo ni? Kí ni ètò náà kọ sílẹ̀ nígbà tí àṣìṣe náà ṣẹlẹ̀? Lẹ́yìn èyí, àwọn yòókù yóò dìbò sí ẹ̀sùn náà. Bí ọjọ́ mẹ́rìnlá bá kọjá tí kò rí ìbò, ẹ̀rọ kan tí wọ́n sọ ní Agbálẹ̀ yóò gbá a dànù, yóò sì dúpẹ́ lọ́wọ́ olùráhùn tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Ẹ gbà mí o. Ẹni tí kò mọ bí yóò ṣe lo ètò yín, ṣé òun náà ló máa wá mọ bí a ṣe ń dáhùn ìbéèrè mọ́kàndínlógún? Wọn ò ro ìyẹn. Odidi ọdún kan, kò sẹ́ni tó ráhùn pé ètò náà ṣòroó lò, ni wọ́n bá gbà láàárín ara wọn pé kò ṣòroó lò.

Nọ́ńbà tó ń pa Lọ-Kà-Á lẹ́rìn-ín ni ti bọ́tìnnì kan tí wọ́n ń pè ní Padà. Obìnrin kan nínú wọn, Aṣírò, ló máa ń ka iye ìgbà tí àwọn ènìyàn ń tẹ bọ́tìnnì kọ̀ọ̀kan. Ó kọ̀wé sí gbogbo wọn pé láàárín ọdún kan sẹ́yìn títí di òní, ìwé ara ìgò 41,300 ni ètò náà tẹ̀, ṣùgbọ́n ìgbà 82,583 ni wọ́n tẹ Padà. Kò sí bọ́tìnnì mìíràn tó tó ìdajì rẹ̀. Aṣírò ní àwọn apoògùn fẹ́ràn bọ́tìnnì yìí ju ọmọ inú wọn lọ. Lọ-Kà-Á ló ṣe bọ́tìnnì náà fúnra rẹ̀, ẹ sì mọ̀ pé ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Kíá, ó dá a lábàá pé ní ọjọ́ Ẹtì, kí àwọn dìbò kí wọ́n sọ bọ́tìnnì náà di ràbàtà, kí wọ́n gbé e wá síwájú pátápátá. Gbogbo wọn pàtẹ́wọ́.

Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ẹ̀gbọ́n pè é.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin ló tọ́ ọ dàgbà lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Apoògùn ni. Ó ti lo ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ní ilé ìpoògùn kan ṣoṣo, kò sẹ́ni tó rí àbùkù iṣẹ́ rẹ̀. Ọdún kẹjọ rèé tí Lọ-Kà-Á ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé ètò náà sínú kọ̀ǹpútà wọn níbẹ̀. Láti ọjọ́ náà, kò tún dé ẹ̀yìn káńtà wọn mọ́. Bó bá bi í léèrè bí ètò náà ti ń ṣe, Ẹ̀gbọ́n á ní ó ń ṣe dáadáa, á sì bi í bóyá ó ti jẹun.

Lórí fóònù lọ́jọ́ Ajé yẹn, ohùn rẹ̀ wálẹ̀. Ó ní káfíńtà àgbàlagbà kan gba oògùn oorun lọ́wọ́ òun. Ẹyọ kan lálẹ́ ni dókítà kọ fún un, ṣùgbọ́n ẹyọ méjì, ẹ̀ẹ̀mẹrin lójúmọ́, ló wà lára ìgò tí òun gbé fún un. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá náà fi lò ó. Lọ́jọ́ kẹta, orí àtẹ̀gùn ilé rẹ̀ ló ti ṣubú, apá rẹ̀ sì kán. Ìgbìmọ̀ àwọn apoògùn ti wá pe Ẹ̀gbọ́n fún ọjọ́bọ̀, wọ́n sì lè gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ rẹ̀. Lọ-Kà-Á bẹ̀rẹ̀ sí í wá ẹni tí àwọn lè bẹ̀. Ẹ̀gbọ́n dá a dúró.

"Àbúrò mi, ojú mi ni," ló wí. "Mo ti lọ ra awò tuntun. Ìwọ ṣáà wá jókòó tì mí lọ́la, kí o bá mi wo ibi tí mo ti ń ṣì í, kí n lè mọ ohun tí màá sọ níwájú wọn."

Lọ́jọ́ kejì, ó lọ. Ilé ìpoògùn náà kún fún òórùn sípíríìtì àti ti páálí tuntun. Káńtà onígíláàsì wà níwájú, pẹpẹ oògùn dé òkè àjà lẹ́yìn, kọ̀ǹpútà mẹ́fà sì tò láàárín. Lọ-Kà-Á fa àga kan sẹ́yìn Ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó káwọ́ lé itan, ó pinnu pé òun kò ní ṣàlàyé ohunkóhun fún un, òun á kàn máa wò ni. Ẹ wá wò ó, ọdún mọ́kànlá ló ti ń kọ ètò fún apoògùn, ọjọ́ yẹn gan-an ló kọ́kọ́ jókòó wo apoògùn lẹ́nu iṣẹ́.

Obìnrin kan kọ́kọ́ dé, ó fẹ́ gba oògùn ikọ́. Kí Ẹ̀gbọ́n tó kọ ohunkóhun, ìka rẹ̀ ti lọ sórí Padà: pà, pà. Lẹ́yìn náà ló wá tẹ orúkọ obìnrin náà. Ẹnìkejì dé. Pà, pà. Ẹnìkẹta. Pà, pà. Lọ-Kà-Á gbọ́ ìró náà lọ́dọ̀ apoògùn tó jókòó lápá ọ̀tún náà, ó tún gbọ́ ọ lápá òsì. Ìgbà yẹn ló tó rí pílásítà kan, irú èyí tí wọ́n fi ń lẹ ojú egbò, tí wọ́n lẹ̀ mọ́ abẹ́ ojú kọ̀ǹpútà. Ọwọ́ Ẹ̀gbọ́n ló fi bírò kọ̀wé sí i gàdàgbà: Ẹ TẸ PADÀ LẸ́Ẹ̀MEJÌ. Ọ̀KAN FÚN ORÚKỌ, Ọ̀KAN FÚN ÌWỌ̀N. Ó dìde, ó yẹ kọ̀ǹpútà márùn-ún yòókù wò. Pílásítà wà lára gbogbo wọn. Etí òmíràn ti dúdú fún ìdọ̀tí ọdún pípẹ́.

Ó bi Ẹ̀gbọ́n léèrè ohun tó fà á. Ẹ̀gbọ́n wò ó bí ẹni tí wọ́n bi pé kí ló dé tí òun fi ń bọ́ bàtà kí òun tó gun bẹ́ẹ̀dì. Ó ní ṣebí ètò Lọ-Kà-Á máa ń rántí ẹni tó lọ tán ni, á sì tún gbé gbogbo ọ̀rọ̀ ẹni náà sílẹ̀ de ẹni tó kàn. Bí èèyàn bá tẹ Padà lẹ́ẹ̀kan, orúkọ aláìsàn àti ti oògùn á lọ. Bó bá tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kejì, ìwọ̀n oògùn àti ìgbà lílò rẹ̀ á lọ. Bó bá wá ṣèèṣì tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan péré, tó sì kọ orúkọ tuntun lé e, ìwọ̀n oògùn ẹni àná ni yóò bá ẹni òní lọ sílé, kò sì sí àmì kankan tí yóò fi hàn. Kò ráhùn bó ti ń sọ ọ́. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni ń sọ pé òjò máa ń rọ̀. Ó ní lọ́jọ́ tí bàbá káfíńtà wá, òun ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan nígbà tí nọ́ọ̀sì kan pe òun lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí òun padà dé, òun rò pé òun ti tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì, ìwọ̀n tí òun sì bá níbẹ̀, òun rò pé òun ló ti kọ ọ́.

Ìrántí ni wọ́n ń pe ohun tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ètò náà, Lọ-Kà-Á fúnra rẹ̀ ló sì ṣe é. Ó ṣe é kí ọwọ́ àwọn apoògùn lè yá ni, ó sì kọ bí wọ́n ṣe lè pa á sí ojú ewé kẹrìnlélọ́gọ́ta. Ohun tó tún wá kọ lù ú nínú ni nọ́ńbà Aṣírò. Ètò náà máa ń tọrọ àyè lọ́wọ́ gbogbo ilé ìpoògùn kí ó lè máa ka bí wọ́n ṣe ń tẹ bọ́tìnnì, gbogbo wọn ló sì máa ń kọ̀. Ilé kan ṣoṣo ló gbà, torí òun Lọ-Kà-Á fúnra rẹ̀ ló bá wọn gbà á lọ́jọ́ tó gbé ètò náà débẹ̀. Ilé náà rèé. Ìgbà 82,583 tí wọ́n ń pàtẹ́wọ́ sí yẹn, ìka ẹ̀gbọ́n rẹ̀ àti ti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ni, tí wọ́n ń fi ẹ̀rù lé ẹni àná jáde kúrò lára ẹni òní.

A ní kó wá fẹ́ ni lójú, ó fata sẹ́nu.

Lọ́jọ́rú, ó ní òun kò ní fi ipò ọ̀gá tún nǹkan kan ṣe níkọ̀kọ̀. Ó fẹ́ kí ogún ènìyàn yẹn rí i. Ó wọ ojú ìwé ẹ̀sùn bí èrò lásán, ó bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn ìbéèrè mọ́kàndínlógún. Ó há ní ìbéèrè keje, torí òun gan-an kò mọ ìdáhùn rẹ̀. Bó ti kọ àkọlé ẹ̀sùn náà, ojú ìwé sọ fún un pé ẹnìkan ti kọ irú rẹ̀ rí. Ó tẹ̀ ẹ́ kó rí i.

Ọdún mẹ́ta sẹ́yìn ni. Apoògùn kan ló kọ ọ́, ó sì dárúkọ ibi iṣẹ́ rẹ̀: ilé ìpoògùn Ẹ̀gbọ́n. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ètò yín ń fi ìwọ̀n oògùn ẹnìkan fún ẹlòmíràn. Ẹ̀rù ń bà wá." Ìṣẹ́jú mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀ ni èsì wà: "Kì í ṣe àṣìṣe. Bí a ṣe fẹ́ kó máa ṣe nìyẹn. Ojú ewé 64, lọ kà á." Wọ́n sì ti ẹ̀sùn náà pa. Orúkọ tó wà lábẹ́ èsì ọ̀hún, ti Lọ-Kà-Á ni.

Ó wò ó títí. Kò rántí rẹ̀. Ohun tó dẹ́rù bà á jù nìyẹn, pé kò rántí rẹ̀ rárá. Bóyá ó ń jẹun lọ́wọ́ nígbà tó kọ ọ́. Bóyá ó ń múra láti jáde. Ẹyin lohùn, àwọn àgbà wí bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ju ẹyin sílẹ̀ máa ń gbọ́ ìró rẹ̀ o. Òun kò gbọ́ nǹkan kan.

Ó fi ẹ̀sùn tirẹ̀ ránṣẹ́. Kí wákàtí kan tó pé, èsì ti dé. Ẹnìkan ní kó ṣàlàyé ìgbésẹ̀ tó gbé kí àwọn náà lè tẹ̀lé e wò. Aṣírò ní nọ́ńbà kò purọ́, àwọn ènìyàn fẹ́ràn Padà. Ẹnìkẹta rò pé ó ń ṣàwàdà ni, ó bá fi àwàdà dá a lóhùn: ojú ewé 64, lọ kà á. Agbálẹ̀ sọ fún un tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé kò dáhùn ìbéèrè keje, nítorí náà ẹ̀sùn rẹ̀ kò tíì pé. Lọ-Kà-Á gbé orí lé tábìlì. Àṣesílẹ̀ làbọ̀wábá.

Ọjọ́bọ̀ pé. Ènìyàn mẹ́ta ló jókòó sẹ́yìn tábìlì gígùn, alága wọn jẹ́ obìnrin kúkúrú kan tó ń fi gègé gbá ìwé níwájú rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọ aṣọ funfun iṣẹ́ rẹ̀, ó ti lọ̀ ọ́ tó ń ta gbọ̀ngbọ̀n, awò tuntun wà lójú rẹ̀. Wọ́n ní kó sọ tẹnu rẹ̀. Ó ní ojú òun ló ti ń ṣú, òun sì bẹ bàbá káfíńtà àti ìgbìmọ̀ fún ìdáríjì. Ìgbà yẹn ni Lọ-Kà-Á dìde, ó ní kí wọ́n jọ̀wọ́ kí wọ́n má gba ọ̀rọ̀ yẹn gbọ́, ojú ẹ̀gbọ́n òun kò ṣe nǹkan kan. Ó sọ ti Ìrántí fún wọn, ó sọ ti Padà àti pílásítà, ó sì ka nọ́ńbà méjèèjì tí Aṣírò kọ fún wọn. Lẹ́yìn náà, ó ka ẹ̀sùn ọdún mẹ́ta sẹ́yìn sókè, ó ka èsì rẹ̀, ó sì ní òun ni òun kọ ọ́. Ó rò pé ibẹ̀ lọ̀rọ̀ máa parí sí.

Alága bi í bóyá ẹnikẹ́ni ní ilé ìpoògùn náà rí èsì yìí nígbà náà. Ó ní rárá, òun kò rò bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n nawọ́ sókè díẹ̀díẹ̀.

"Mo rí i," ló wí. "Ẹni tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ló kọ ẹ̀sùn yẹn, ó gbé èsì rẹ̀ wá fún mi kí n kà á. Ó fẹ́ kọ òmíràn, èmi ni mo ní kó má kọ ọ́ mọ́. Àbúrò mi ti ní kì í ṣe àṣìṣe. Ta ló tún máa mọ̀ ọ́n jù ú lọ? Mo bá lọ mú pílásítà."

Lọ-Kà-Á ti rò pé wọn kò ka ọ̀rọ̀ òun ni gbogbo wàhálà yìí fi ṣẹlẹ̀. Wọ́n kà á. Wọ́n kà á, wọ́n sì gbà á gbọ́.

Alága ní kí Lọ-Kà-Á tún nọ́ńbà méjèèjì yẹn kà fún òun, ó sì kọ wọ́n sílẹ̀. Ó fi gègé ṣírò, ó tún un ṣírò, ó wá bọ́ awò ojú rẹ̀.

"Ìwé 41,300, ẹ̀ẹ̀mejì fún ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó yẹ kó jẹ́ 82,600," ló wí. "82,583 lẹ rí. Ó dín mẹ́tàdínlógún. Bàbá káfíńtà jẹ́ ọ̀kan. Níbo làwọn mẹ́rìndínlógún tó kù wà?"

Lọ-Kà-Á ti wo nọ́ńbà yẹn láti ọjọ́ Ajé, ó fi rẹ́rìn-ín, ó fi yangàn, kò sì fọkàn sí i pé ó yẹ kí wọ́n pín in sí méjì.

Wọn kò gba ìwé àṣẹ iṣẹ́ Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ní kí wọ́n pa Ìrántí lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sì wá àwọn mẹ́rìndínlógún yẹn kàn. Lọ-Kà-Á sáré lọ sílé. Àtúnṣe náà gbà á ní ìṣẹ́jú mọ́kànlá, ó wo aago. Lẹ́yìn náà ló kọ̀wé sí ogún ènìyàn yẹn, kò dáhùn ìbéèrè kankan. Ó kọ ọ́ pé mẹ́tàdínlógún ni, ó sọ ohun tí mẹ́tàdínlógún náà jẹ́. Nígbà tó yá, fóònù rẹ̀ dún. Aṣírò ni, wọn kò gbọ́ ohùn ara wọn rí. Ó ń sunkún.

Lọ́jọ́ Ẹtì, dípò ìbò, ẹ̀yìn káńtà ni Lọ-Kà-Á wà. Wọ́n gbé àpótí ìwé àwọn dókítà wá, wọ́n ń fi ọ̀kọ̀ọ̀kan wé ẹ̀dà ìwé ara ìgò tí kọ̀ǹpútà tọ́jú. Ẹnikẹ́ni tí ìwọ̀n oògùn rẹ̀ bá dọ́gba pẹ̀lú ti ẹni tó ṣáájú rẹ̀, tí kò sì bá ti dókítà mu, Ẹ̀gbọ́n á pè é. Ó ti ṣí pílásítà kúrò lára gbogbo kọ̀ǹpútà, ṣùgbọ́n bí aláìsàn bá dé sí káńtà, ìka rẹ̀ á ṣì lọ: pà, pà. Lọ-Kà-Á ní kò pọn dandan mọ́. Ẹ̀gbọ́n ní òun mọ̀.

Ẹni kẹsàn-án tí wọ́n pè jẹ́ ìyá àgbà kan. Ẹ̀gbọ́n ní kó jọ̀wọ́ kó ka ohun tó wà lára ìgò rẹ̀, ìyá náà sì kà á. Ìwọ̀n ẹlòmíràn ni. Ẹ̀gbọ́n rọra bi í bí ara rẹ̀ ṣe ń ṣe. Ìyá náà ní láti oṣù mélòó kan, òun kì í lè dìde nílẹ̀ bọ̀rọ̀ mọ́, òun á jókòó, oorun á gbé òun lọ, òun á máa gbàgbé orúkọ ọmọ òun. Ó ní òun ti sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má dààmú, ogbó ni. Ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ wọ́n. Ó ní kí wọ́n má bínú, bóyá òun ni òun kò ka ìgò náà dáadáa, ojú òun ni.

Ẹ̀gbọ́n yọ fóònù kúrò létí, ó nà án sí àbúrò rẹ̀. Lọ-Kà-Á, tó ti ń gbọ́ ohùn ìyá náà láti ẹ̀gbẹ́, gbà á.

"Ìyá, ojú yín kọ́," ló wí. "Èmi ni."

Ìyá náà kò mọ ẹni tó ń jẹ́ èmi, ó ṣáà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run á bá a ṣọ́ ojú tirẹ̀ náà. Lọ-Kà-Á ṣe àmín. Ẹ̀gbọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà ẹni kẹwàá.